Oorun Ti Ń Tètè Kùn Mí Bí Mo Ṣe Ń Dàgbà: Kí Ni Kí N Ṣe?

Ẹni tó bá ti lé díẹ̀ ní 50 ọdún kò ní í pẹ́ béèrè rẹ̀: "Kí ló dé tí aago 9 alẹ́ kò ní í tíì lù tójú mi á ti máa pa dé? Ṣé kì í ṣe pé nǹkan ń ṣe mí?" Wọ́n ti bi mí títí, èmi náà sì ti bi ara mi rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Aago inú ara yín ló ń tètè lù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè tẹ̀ lé e, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e, torí ẹni tó bá kàn ju ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ní aago 8 lè rí i pé ojú òun ti là kedere ní aago 2 òru.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín: oorun ni àbí àárẹ̀?

À ń pe méjèèjì pọ̀, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tó bá jẹ́ oorun, ojú á máa pa dé, orí á máa já wálẹ̀, ẹ ó máa ka ìlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó wí. Tó bá jẹ́ àárẹ̀, ara á wúwo, orúnkún ò ní fẹ́ gun àtẹ̀gùn, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ojú yín á là sílẹ̀ gbagada. Oorun ń gbọ́ ti bẹ́ẹ̀dì. Àárẹ̀ lè máà gbọ́ rárá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí:

1. Ẹ wá ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní í pè yín, ní nǹkan bí aago 10 tàbí 11 àárọ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, torí oorun máa ń kun tọmọdé tàgbà nígbà yẹn.
2. Ẹ jókòó síbi tó dákẹ́, ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 jókòó bẹ́ẹ̀.
3. Tẹ́ ẹ bá sùn lọ, ẹ jẹ gbèsè oorun nìyẹn. Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún yín.
4. Tójú yín bá là, àmọ́ tí ara ń wúwo bí òkúta, ẹ kọ́kọ́ lọ ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa dókítà.

## Kí ló yí padà lára?

Aago kékeré kan wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Òun ló ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó jí àti ìgbà tó yẹ kó sùn. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ó máa ń tètè lù, lálẹ́ àti láàárọ̀. Oorun àsùnwọra náà ń dín kù, ìdí nìyẹn tí ìró ilẹ̀kùn tàbí ìtọ̀ díẹ̀ fi ń jí yín. Dígí inú ẹyinjú sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ aago yẹn kò fi tó ti àtijọ́ mọ́.

Iye wákàtí tí ara nílò ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wákàtí 7 sí 9 ni wọ́n dámọ̀ràn fún àgbàlagbà tí kò tíì pé 65 ọdún, 7 sí 8 fún ẹni tó ti pé e. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé wákàtí 4 ti tó àgbàlagbà, ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ wá lọ sùn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ìwé lásán ti tó. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́. Ẹ má ṣe torí ìwé wo aago lóru. Ẹ fojú bù ú.

- Aago tí oorun kọ́kọ́ kùn yín lálẹ́
- Aago tẹ́ ẹ wọ bẹ́ẹ̀dì, àti aago tẹ́ ẹ jí pátápátá
- Iye ìgbà tẹ́ ẹ jí lóru
- Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ rẹjú tàbí tòògbé, títí kan èyí tẹ́ ẹ ṣe lórí àga
- Kọfí, tíì, ọtí àti oògùn, pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ lò wọ́n

Ìlà kẹrin yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń parọ́. Èmi náà parọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra ni mo kọ "kò sí" síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ni ọmọ mi ya fọ́tò mi: ẹnu mi ṣí sílẹ̀, jígí ojú ti yọ́ wá sí ṣóńṣó imú, rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́ mi bí ẹni fẹ́ yí ìkànnì. Aago ara ògiri tó wà lẹ́yìn mi ń sọ aago 8:20. Mo mú bírò, mo fa ìlà sórí "kò sí" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

## Ìgbésẹ̀ 2: Aago ìjí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú ṣinṣin

Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí aago sísùn ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Àmọ́ ẹ ò lè pàṣẹ fún oorun pé kó wá, ẹ lè pàṣẹ fún ẹsẹ̀ yín pé kó kan ilẹ̀.

1. Ẹ mú aago kan tẹ́ ẹ lè jí ní gbogbo ọjọ́, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká mú aago 5:30.
2. Ẹ ka wákàtí sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé wákàtí 7 àtààbọ̀ ló ń tó yín, aago 10 alẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ti sùn.
3. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 kún un fún bí oorun ṣe máa gbé yín. Ẹ wọ bẹ́ẹ̀dì ní aago 9:40.
4. Tóru kan bá burú, ẹ ṣì jí ní aago 5:30. Ó máa dùn yín lọ́jọ́ yẹn, alẹ́ tó ń bọ̀ lẹ máa fi jèrè.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ tètè dùbúlẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan

Tó bá jẹ́ pé aago 11:30 lẹ ti ń sùn láti ọdún yìí wá, ẹ má ṣe fò sí aago 9:40 lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa dùbúlẹ̀ lásán ni, ẹ ó máa ka òrùlé, bẹ́ẹ̀dì á sì di ibi tẹ́ ẹ ti ń ronú gbèsè. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 dín in, ẹ dúró síbẹ̀ fún òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó tún dín òmíràn. Láti 11:30 dé 10:30, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ibi tẹ́ ẹ bá dé tó jẹ́ pé ẹ ti ń dùbúlẹ̀ ju ìdajì wákàtí lọ kí oorun tó dé, ẹ ti kọjá ibi tí ara yín fẹ́. Ẹ padà sẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ dúró síbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gba ara yín lọ́wọ́ àga

Tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ máa ṣe nínú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ eléyìí.

Oorun dà bí ebi. Láti àárọ̀ ló ti ń kóra jọ, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa di alẹ́, ó ti pọ̀ tó láti gbé yín dé ìdájí. Òògbé ìṣẹ́jú 40 lórí àga ní aago 8 ni ìpápánu téèyàn jẹ nígbà tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ sínú àwo. Ebi ńlá yẹn ti lọ. Ọrùn á wá máa dun yín, ẹ ó dìde lọ sí bẹ́ẹ̀dì ní aago 11, ojú yín á là, ẹ ó sì sọ pé ẹ kì í rí oorun sùn. Ẹ ti sùn kẹ̀!

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe:

1. Ẹ ṣe ìmúra òru kí oorun tó dé. Ní aago 8, ẹ ti fọ eyín, ẹ ti wẹ̀, ẹ ti wọ aṣọ àwọ̀sùn, ẹ ti lo oògùn alẹ́, ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí oorun ń kùn tó tún wá lọ dúró sábẹ́ iná ilé ìwẹ̀ tó mọ́lẹ̀ yòò, tó ń bu omi tútù sójú, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun lọ ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní wákàtí kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó sùn dára ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí lẹ́yìn ìwẹ̀ náà ni ara máa tutù, ìtutù yẹn ló ń pe oorun.
2. Ẹ má ṣe jókòó sórí àga tó rọ̀ láàárín aago 7 sí ìgbà tẹ́ ẹ máa sùn. Àga onígi ni kẹ́ ẹ lò.
3. Ẹ fi iṣẹ́ tó ń béèrè ìdúró sí wákàtí yẹn. Aṣọ kíká, abọ́ fífọ̀, pípe ẹni tẹ́ ẹ ti fẹ́ pè tipẹ́ kẹ́ ẹ sì máa rìn bẹ́ ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.
4. Tójú bá ṣì ń pa dé, ẹ wo aago. Tí kò bá ju wákàtí kan lọ mọ́ kó tó àsìkò yín, ẹ lọ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ pa iná. Tó bá ṣì jìnnà, ẹ dìde, ẹ tan iná sí i, ẹ jáde síta díẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé kí wọ́n jí yín lórí àga. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe fún yín tí wọ́n bá fi aṣọ bò yín.

## Ìgbésẹ̀ 5: Oòrùn ló ń ran oorun lọ́wọ́

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tètè sùn, ẹ jáde síta láàárín wákàtí kan tẹ́ ẹ bá jí, kẹ́ ẹ sì lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 níbẹ̀. Ẹ má wo oòrùn lójú o. Kódà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ìmọ́lẹ̀ ìta fi lọ́pọ̀lọpọ̀ ju gílóòbù inú yàrá lọ. Lálẹ́, ẹ dín iná kù ní wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí fóònù sùn ní yàrá mìíràn.

Ẹni tó bá ń jí ní aago 3 òru ní tiẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ yìí bó ṣe wà. Tiyín wà ní ìparí.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó ń wọ ẹnu

Kọfí àti tíì: kí ti ìkẹyìn jẹ́ ọ̀sán gangan. Ó máa ń tó wákàtí 5 kí ìdajì èròjà tó ń lé oorun lọ nínú wọn tó kúrò lára, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹlòmíràn. Ife tẹ́ ẹ mu ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ṣì ku ààbọ̀ ní aago 9.

Ọtí: ó máa ń tètè gbé èèyàn sùn, á sì jí i ní àárín òru. Ó tún ń mú kí hanrun burú sí i.

Omi àti ìtọ̀: ẹ mu omi yín dáadáa lójúmọmọ, ẹ wá dín in kù ní wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó sùn. Tẹ́sẹ̀ yín bá máa ń wú nírọ̀lẹ́, ẹ gbé e sókè sórí ìrọ̀rí fún bíi wákàtí kan ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kójú yín là sílẹ̀ o! Omi tó kóra jọ síbẹ̀ á ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ ló máa gbéra, tá sì máa fà yín lọ sílé ìtọ̀ lóru. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kéèyàn tọ̀, kó bi dókítà tàbí apòògùn bóyá òun lè máa lò ó láàárọ̀. Ẹ má fúnra yín yí àsìkò oògùn padà.

## Ìgbésẹ̀ 7: Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án

Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 20, kó tó di aago 3, pẹ̀lú àláàmù. Tó bá ti lé ní ìdajì wákàtí, ẹ lè wọnú oorun àsùnwọra, ojú yín á wú, orí yín á wúwo tẹ́ ẹ bá jí, ẹ ó sì jẹ nínú ti alẹ́.

## Tójú yín bá là lóru

1. Ẹ má wo aago. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ògiri.
2. Tó bá ti ń ṣe yín bíi pé ìṣẹ́jú 20 ti kọjá, ẹ dìde.
3. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó dìde dúró. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì lára àgbàlagbà, òòyì á kọ́ ọ, ó sì lè ṣubú. Kí iná kékeré wà nísàlẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀, kẹ́ ẹ sì kó bàtà àti wáyà kúrò nílẹ̀.
4. Ẹ jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, ẹ ṣe nǹkan tí kò dùn. Mo ní ìwé kan tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan, mi ò tíì kọjá ojú ewé 40.
5. Ìgbà tójú bá tún ń pa dé ni kẹ́ ẹ padà.

## Àwọn àṣìṣe tí mò ń rí

Kéèyàn máa pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Wákàtí 10 lórí bẹ́ẹ̀dì fún oorun wákàtí 7, wákàtí mẹ́ta ni ẹ ó fi máa yí. Oorun náà á fẹ́lẹ́ bí omi tí wọ́n dà sínú agbada tó fẹ̀ jù.

Oògùn ọ̀fìnkìn tàbí ti ara yíyún tí wọ́n sọ di oògùn oorun. Àwọn ti àtijọ́ bíi chlorpheniramine àti diphenhydramine kò dára kí àgbàlagbà máa fi wọ́n sùn. Wọ́n lè da orí rú, wọ́n lè dí ìtọ̀, òòyì wọn sì lè wà lára di ọjọ́ kejì. Oògùn oorun tí dókítà kọ pàápàá, ẹ má fi kún un, ẹ má sì já a lójijì.

Kéèyàn jáwọ́ nínú eré ìdárayá torí àárẹ̀. Ó yé mi, àmọ́ iṣan ara ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, àtẹ̀gùn kan náà á wá máa gba okun púpọ̀ sí i lọ́wọ́ iṣan tó kéré sí i. Ẹ máa rìn lójoojúmọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ṣe ohun tó ń mú iṣan le: ẹ dìde lórí àga kẹ́ ẹ tún jókòó láìfọwọ́ ti nǹkan kan, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ má ṣe eré tó le gan-an ní wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́ sùn.

## Tí iṣẹ́ tàbí ẹbí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ tètè sùn

Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago 10 alẹ́ kò lè sùn ní aago 9:40. Ẹ mú aago kan náà fún jíjí lójoojúmọ́, kódà tó bá jẹ́ aago 7, kẹ́ ẹ sì máa fi oorun ọ̀sán ìṣẹ́jú 20 dí àlàfo náà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní láti fi kọ́tìnì tó nípọn dí fèrèsé.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí aya yín ni kì í tètè sùn, ẹ máà fi ṣe ìjà. Ẹ jọ jókòó tẹ́lẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹnì kan wá lọ sùn, kí èkejì máa fi iná kékeré wọlé. Bí ìpè tàbí ìpàdé bá sì wà lẹ́yìn aago 9, ẹ sọ fún wọn pé láàárọ̀ ló máa dáa. Ó máa ń ni mí lára láti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbà á wẹ́rẹ́.

## Ẹ lọ rí dókítà, ẹ má kàn máa sùn, tó bá jẹ́ pé:

- Àárẹ̀ náà dé lójijì, tàbí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ ń sùn dáadáa tí kò sì lọ
- Ẹ̀ ń hanrun gan-an, tí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn sì sọ pé èémí yín máa ń dúró, tàbí ẹ máa ń jí bíi pé wọ́n fún yín lọ́rùn
- Ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ yín ń wú
- Ẹ̀ ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí òùngbẹ ń gbẹ yín ṣáá tẹ́ ẹ sì ń tọ̀ púpọ̀
- Ẹsẹ̀ ń ṣe yín jìnnìjìnnì lálẹ́ tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbé e síbì kan
- Ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́
- Oorun ń gbé yín nídìí ọkọ̀. Ẹ má wakọ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi rí dókítà.

Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí apá kan ara kò ṣe é gbé, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ẹ mú ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dání, kẹ́ ẹ sì kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti fítámì. Ẹ lè béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, àti thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ ọrùn. Gbogbo wọn ló ń fa àárẹ̀, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú.

## Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń tètè sùn jù

Àwọn kan wà tí oorun ń gbé lọ ní aago 7 alẹ́, tójú wọn á là ní aago 3 òru, tí kò sì ní í pa dé mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó tẹ́ yín lọ́rùn, tó sì ń pé wákàtí 7, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dorí ìgbésẹ̀ 5 kodò:

1. Ẹ jáde síta ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago 5 sí 6, kẹ́ ẹ rìn.
2. Ẹ jẹ́ kí iná ilé mọ́lẹ̀ dáadáa títí di aago 8:30.
3. Tẹ́ ẹ bá jí ní aago 3, ẹ má tan iná ńlá. Tẹ́ ẹ bá ní láti jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ wọ jígí dúdú, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀ tí ilẹ̀ kò tíì mọ́.
4. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 sún aago sísùn síwájú ní òru mẹ́ta-mẹ́ta, bíi ti ìgbésẹ̀ 3, títí tẹ́ ẹ fi máa dé aago 9.

Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyàtọ̀ tó hàn nínú ìwé yín. Àga yẹn ṣì lọ̀tá, níhìn-ín pàápàá.